Ta Ló Jẹ̀bi Ọmọ Yìí?

A bẹ ìyá kan wò nítòsí Woolwich Dockyard. Wọ́n ti sọ fún un láti ilé pé àbíkú ni ọmọ rẹ̀, pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe ọmọ náà. Láti 1910 ni Dókítà James Herrick ní Chicago ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Àjẹ́ kankan kò sí níbẹ̀.

Láyé àtijọ́, abẹ ni wọ́n fi ń sàmì sára òkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó má bàa padà wá. (Àwa náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wa, a sì gbà á gbọ́.) Níbí, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń fún ọmọ SS ní pẹnisílíìnì kó tó pé oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀, kò dẹ́bi fún ẹnikẹ́ni (Jòhánù 9).

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n dá àdúrà dúró ni?”

A ní rárá o, ṣùgbọ́n kó pe ìyá ọkọ rẹ̀. Kò tíì pè wọ́n.