ÌSÀLẸ̀ NI AFẸ́FẸ́ TI Ń JẸ ÀPÁTA

Kíkà: Matteu 7:24-27
Àkọsórí: Orin Dafidi 11:3

Ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ gíga kan wà láàárín àwọn òkè Andes tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá. Apá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aṣálẹ̀ Siloli fi ohun tó ju 4,000 mítà ga ju ojú òkun lọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró. Àpáta kan dá dúró ní aṣálẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní Árbol de Piedra, ìyẹn ni Igi Òkúta. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí orí igi, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín.

Ta ló gbẹ́ ẹ? Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ lásán kò sì ní eyín. Ìyanrìn tó gbé dání ni eyín rẹ̀. Ìyanrìn wúwo, kò lè fò jìnnà sókè. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ga kọjá ìbàdí ènìyàn. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ àpáta ló ń ha, lọ́dọọdún, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Orí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì rèé. Inú òkè tó ń yọ iná láyé àtijọ́ ni àwọn àpáta agbègbè yẹn ti wá. Ibi tó dì dáadáa le, ibi tí kò dì dáadáa rọ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ló lu gbogbo wọn. Èyí tó rọ̀ ti di ìyanrìn, èyí tó le ló ṣẹ́kù.

Olùfẹ́, Jésù kò sọ fún wa pé ìjì kò ní dé ilé ọlọ́gbọ́n. Ilé méjèèjì ni ìjì kọlù. Ohun tó wà lábẹ́ ilé ló ya wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ àti ṣíṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa, orí là ń tọ́jú. Aṣọ wa dára, ohùn wa ròkè nínú ẹgbẹ́ akọrin, a sì ní ipò nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré níbi iṣẹ́, ìbínú tí tọkọtaya dì sínú, àdúrà òwúrọ̀ tí a fò lónìí tí a tún fò lọ́la, ìyanrìn ni gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbà kan wà tí èmi tí mò ń kọ èyí ń wàásù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ìjọ ń kígbe Àmín. Bí mo bá ṣí Bíbélì, ìwàásù ni mò ń wá nínú rẹ̀, n kò wá Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ìyàwó mi. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Dádì, ìgbà wo lẹ gbàdúrà kẹ́yìn tí kì í ṣe lórí pẹpẹ?" N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò ń ti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò Igi Òkúta nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Bí ìyanrìn kò bá dẹ́kun, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìsàlẹ̀ yẹn kò ní lè gbé orí mọ́. Má ṣe fi ìyìn ènìyàn ṣe ẹ̀rí pé ìpìlẹ̀ rẹ ṣì le.

Àpáta kò lè ké gbà mí. Ìwọ lè ké. Láàárọ̀ yìí, dárúkọ ohun kan tó ń ha ọ́ nísàlẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Bó bá kan ẹnìkan, lọ bá onítọ̀hún kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Àdúrà
1. Baba, fi ohun tó ń jẹ ìpìlẹ̀ mi hàn mí kí n tó wó, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, tún ìpìlẹ̀ ìgbé ayé àdúrà mi mọ, ní orúkọ Jésù.
3. Olúwa, má ṣe jẹ́ kí ìyìn ènìyàn fọ́ ojú mi sí ọgbẹ́ mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.