Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Irọ́ Tí Ìfẹ́ Bá Pa?



Lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀ kan, nígbà tí ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá kan tí ó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Boundary wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé Fadá. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wá ṣe, òun fúnra rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Ó ní, "Fadá, odindi oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi fi parọ́ fún mi. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n kà á sí ni, tàbí inú rere?"

Ọmọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ ní St Andrews, ìlú kékeré kan ní etí òkun ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, níbi tí yunifásítì ti wà láti ọdún 1413. Orúkọ Ándérù Mímọ́, Àpọ́sítélì tí à ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ni ìlú náà ń jẹ́. Ìlú àwa Àgùdà ni nígbà kan rí. Àwókù kàtídírà ńlá tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1318, tí wọ́n sì kó ní ìkógun ní 1559, ṣì dúró létí òkun níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ènìyàn wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ibẹ̀, nítorí ní 1858 ni William Broughton Davies, ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gba oyè dókítà ìṣègùn ní yunifásítì náà.

Bí ọyẹ́ bá dé bá wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, a ó da aṣọ bora ní ìdájí, ètè wa yóò sì là, ṣùgbọ́n kí ó tó di agogo mẹ́wàá, òòrùn ti lé gbogbo rẹ̀ lọ. Ti ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù kejìlá, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni òòrùn tó ń yọ, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan kò ju nǹkan bí wákàtí 7 lọ. Òjò dídì tí ẹ ń rí nínú àwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí òkun wà nítòsí. Atẹ́gùn orí òkun náà ni ó ń wọ ènìyàn ní egungun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wọ aṣọ àwọ̀lékè pupa wọn, wọn a sì jùmọ̀ rìn lọ sí orí èbúté olókùúta tí ó yọ sínú òkun. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníkálukú bá padà sí iyàrá rẹ̀, owó ni yóò mú kí iyàrá náà móoru, pọ́n-ùn sì ni owó náà. Ní oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba wa tú okùn tí a fi so iye náírà mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, iye náírà tí ó ń di pọ́n-ùn 10 tẹ́lẹ̀ kò di 5 mọ́. Òfin ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkèèrè wá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ.

Ọmọ náà kò tan ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru. Ilé ìkàwé ni ó ń jókòó sí títí wọn yóò fi tì í, ó ń sùn nínú kóòtù, ẹ̀ẹ̀kan ni ó sì ń jẹun lójúmọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ìyá rẹ̀ bá pè é, èsì rẹ̀ ni pé, "Mo wà dáadáa, Màmá. Mo ti jẹun yó." Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà a máa gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kò fi rí kóòtù tí ó wọ̀ nínú ilé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó wálé fún Kérésìmesì ni ó tú àṣírí.

Agustíìnì Mímọ́ kò fi ààyè sílẹ̀ rárá: ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo irọ́, ìbáà ṣe láti gba ẹ̀mí là. Tómásì Mímọ́ ti Akwínò ya irọ́ tí a fi ń pa ènìyàn lára sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀fẹ̀ àti èyí tí a fi ń ṣoore. Ó ní èyí tí a fi ń ṣoore kì í pa ọkàn, ṣùgbọ́n síbẹ̀ kò pè é ní ìwà rere. Nínú Katikísìmù tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992, a kà pé kò di dandan kí a sọ òtítọ́ fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá bi ọ́ léèrè iye tí ọmọ rẹ fi ránṣẹ́, o lè pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé aládùúgbò ni ìyá? Lójú tèmi, ẹni tí òógùn rẹ̀ ń gbé ọmọ ró ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bí ọmọ bá ń gbọ̀n. Síbẹ̀ n kò lè fi ọwọ́ líle mú ọmọ náà. Àwa tí a wà nílé ni a sọ òtítọ́ di ọ̀wọ́n fún wọn: bí ọmọ tí ó wà lókè òkun bá ní ebi ń pa òun, a ó ní kò fẹ́ ná owó fún wa ni.

Mo wá bi ìyá náà pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí ni ẹ máa ń sọ fún un bí ó bá bèèrè àlàáfíà yín?"

Ó wo ilẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí ó máa lò lójoojúmọ́, ó ti ń dá a sí méjì láti oṣù kẹsàn-án, kí owó tí yóò fi ránṣẹ́ lè pé. Ó sì ti sọ fún ọmọ pé ara òun le bí òkúta.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ rọ àwọn ará Gàlátíà pé kí wọ́n máa bá ara wọn ru ẹrù. Àwọn méjèèjì yìí rò pé ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a fi pamọ́ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ọ rù ú? Ọmọ jí àǹfààní àtibá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyá náà sì jí tirẹ̀. Mo sọ èyí fún un, n kò sì mọ̀ bí yóò ti gbà á.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ó sọ fún mi pé òun ti pè é láti ìsọ̀ òun. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, òòrùn ṣì wà lórí tapólì àwọn ọlọ́jà. Wákàtí kan ni a fi ṣáájú wọn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú níbi tí ọmọ wà. Oògùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ. Ọmọ náà kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé owó fóònù ti tán. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí ó ní, "Màmá, òtútù ń mú mi."