Ògún, Àyànmọ́ àti Ìjánu Ọkọ̀

Ìbéèrè pàtàkì ni bóyá ó tọ́ kí awakọ̀ tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga nítorí kòtò ọ̀nà oko Ṣakí àti Ìsẹ́yìn máa ka jàǹbá sí ìbínú Ògún, òrìṣà irin, tàbí sí àyànmọ́, ìyẹn ohun tí orí ẹni yàn láti ọ̀run.

Ìjánu, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búréèkì, ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ kéré, tó fi jẹ́ pé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ ń gba inú rẹ̀ dé ìdí táyà; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi sípíríǹgì gíga gbé ọkọ̀ sókè, tí táyà kan sì rì sínú kòtò, họ́ọ̀sì rọ́bà tó so páìpù ara ọkọ̀ mọ́ ìdí táyà yóò nà tán, ó sì lè já. Họ́ọ̀sì tó gùn sí i, tí a fi wáyà irin híhun bò kí ó má baà wú, ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò.

Kí ló wá kù tí a ó fi dá orí lẹ́bi? Wọlé Ṣóyínká, tó kọ̀wé púpọ̀ nípa Ògún, ló kọ́kọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988: ó ṣe kedere pé ìbọ Ògún kò gba iṣẹ́ ìṣọ́ra lọ́wọ́ ènìyàn. Irin Ògún ni Yorùbá fi ń búra. Nítorí náà, awakọ̀ tó pa ajá fún un, tó sì fi họ́ọ̀sì tó ti sán rìn, ti da májẹ̀mú. Ibi tí rọ́bà ti wọnú irin ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.