A Ó Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ

Alẹ́ ọjọ́ tí mo wọ Èkó láti Kánò, Màámi pè mí lórí fóònù. Wọn ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé o ti gúnlẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, mo ti gúnlẹ̀." Irọ́ ni mo pa, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló gúnlẹ̀. Èmi fúnra mi ṣì wà lójú ọ̀nà, oṣù méje gbáko ni mo sì fi wà níbẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ ni mo gba yàrá sí, Àpápá ni iṣẹ́ mi wà. Boundary ló pààlà fún méjèèjì, ọjà sì kún orí ààlà náà bámúbámú. Yàrá méjìlá ló kọjú síra nínú ilé wa, ilé ìdáná kan, kànga kan. Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ùròbò wà níbẹ̀, Ìgbò àti Ìlàjẹ ń bẹ níbẹ̀. Mo máa ń ronú sí orúkọ àdúgbò náà. Gúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọkọ̀ ojú omi ló ni ín. Ọkọ̀ lè dé kó má gúnlẹ̀. Á dúró sójú agbami, á máa wo iná ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, títí àyè á fi ṣí fún un ní èbúté.

Ní Kánò, wọ́n mọ̀ mí. Ọ̀fà làwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ òwò lọ́wọ́ bàbá mi. Bí wọ́n bá já àpò ẹ̀wà sílẹ̀ níwájú wa, ojú lásán ni mo fi ń mọ iye rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni mo dì mọ́ ẹrù wá sí Àpápá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó ìwé àti bírò lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa kọ nọ́ńbà kọ̀ńténà tó bá ń wọlé. Inú mi ò dùn rárá. Ṣé torí èyí ni mo ṣe fi òkè ọya sílẹ̀?

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ti rò pé ọ̀nà àti àdúgbò nìkan ni òwe náà ń bá wí.

Nọ́ńbà kọ̀ńténà jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin àti òǹkà méje. Àwọn lẹ́tà ń sọ ẹni tó ni ín. Òǹkà mẹ́fà tó tẹ̀ lé wọn ni ti kọ̀ńténà fúnra rẹ̀. Èyí ìkeje, tí wọ́n sábà máa ń fa ìlà yí ká, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa ṣọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi yọ ọ́ lára wọn, débi pé bí èèyàn bá ṣi ẹyọ kan kọ, kì í sábà bá wọn mu mọ́. N kò mọ èyí. Òjò àti iyọ̀ òkun ti jẹ ọ̀dà ara irin náà, mo kọ 3 síbi tí 8 wà, mo sì gbà pé ojú mi tó.

Odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wá kọ̀ńténà tí kò sọnù. Dírẹ́bà tírélà sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Owó ìdádúró ń gorí ara wọn lọ́rùn oníbàárà. Ọ̀gá kan bú mi níwájú gbogbo èèyàn, mo sì ti gbàgbé ohun tó sọ. Ohun tí n kò gbàgbé ni ti bàbá ará Ìjẹ̀bú kan, tí wọ́n ti ń ka ẹrù ní wáàfù láti ìgbà tí ẹ̀yìn èèyàn ṣì ń ru àpò. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí kọ̀ńténà kan.

"Ọmọ Kánò, kà á."

Mo kà á lára ilẹ̀kùn.

"Yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kà á níbẹ̀ náà. Ka nọ́ńbà síìlì rẹ̀ pẹ̀lú."

Mo kà wọ́n. Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú méjì.

"Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú ńkọ́?"

"A ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, Bàbá."

Wọ́n kọjá lọ, wọn ò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu la sábà máa ń pa òwe yẹn fún: wọ́n rán èèyàn níṣẹ́ tó lè dá ìjà sílẹ̀, ó fi ọgbọ́n ọmọlúàbí tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń rán àti iṣẹ́ tí a ń ṣe, orúkọ kan náà ni Yorùbá sọ wọ́n, mo sì gbà pé ó nídìí. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ wà níbi iṣẹ́ ní òwe tiwọn: ibi tí owó bá mọ ni oògùn ń mọ. N kò ní pè wọ́n lọ́lẹ, nítorí owó tí wọ́n ń gbà kò tó jẹun. Àmọ́ òwe oníṣègùn ni. Oníṣègùn lè dín egbò kù nínú àgbo. Ta ló lè dín nọ́ńbà kù? Nọ́ńbà tó yingin ní ẹyọ kan kì í ṣe ìdajì nọ́ńbà, irọ́ ni.

Èbúté Àpápá fúnra rẹ̀ ti jìyà àìkà rí. Ọdún 1926 ni wọ́n parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá níbẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀ dé, ìjọba àpapọ̀ ra nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, láì ka iye tí èbúté lè já lọ́dún. Ní 1975, ọkọ̀ tó lé ní 300 tò sójú agbami Èkó, wọ́n dé, wọn ò gúnlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì dì gbagidi nínú òmíràn. Ní 1977 ni èbúté Tin Can ṣí láti gba díẹ̀ lára ẹrù náà. Àwọn tó buwọ́ lùwé sìmẹ́ǹtì yẹn kì í ṣe púrúǹtù. Àwọn kan á ní a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo gbà. Ẹni tó sì mọ̀ pé ewùrà ló wà nínú odó ló yẹ kó fọwọ́ wá a jù.

Mo tún máa ń ro ti Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, tó gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana wa kó tó lọ Norway ní 2007. Ó dé Ítálì, ó dé Sípéènì, ó dé Ìlú Ọba, ó dé Ṣáínà. Ní 2019 òun ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù ní ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, márùn-ún. Góòlù làwọn èèyàn ń kà. Èmi ń ka iye ìgbà tó di àlejò, tó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ Maracana ti Ajégúnlẹ̀ rí.

Nílé, Ìyá Ẹlẹ́ja tí yàrá wọn kọjú sí tèmi kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Wọ́n ti rí ayálégbé púpọ̀ tó wá tó tún lọ. Owó iná ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: ẹni tó ń gbà á kì í kó o pé, àwọn òṣìṣẹ́ iná á sì já wáyà lára òpó. Ní oṣù keje, gbogbo ilé pé jọ sójúde láti yan ẹlòmíràn tí yóò máa gbà á. Mi ò retí pé Ìyá Ẹlẹ́ja ni yóò dárúkọ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ wáàfù yìí ni kẹ́ ẹ gbé ìwé fún. Mo ṣi ṣéńjì fún un lọ́jọ́sí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó kà á, ó sì padà wá."

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ san. Òórùn ẹja yíyan wà lára owó náà. Mo kà á níwájú wọn, ó pé.

Wọ́n ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.