Ilé Ehín Erin Áhábù

Kíkà: Àwọn Ọba Kìíní, orí 21, ẹsẹ 1 dé 19, àti orí 22, ẹsẹ 39.



Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ọgbà àjàrà Nábótì, ojúkòkòrò ni a sábà máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí a máa ń gbójú fò. Áhábù kò sọ òkúta kan. Ayaba ni ó kọ ìwé ní orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà Jésíréélì ni wọ́n kéde ààwẹ̀. Àwọn ènìyàn búburú méjì ni wọ́n jẹ́rìí èké. Àwọn ará ìlú ni wọ́n sọ òkúta. Síbẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run rán Èlíjà, kò rán an sí àwọn tí ó sọ òkúta. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ jogún ọgbà náà ni ó rán an sí, kí ó bi í bóyá ó ti pànìyàn, ó sì tún ti gba ohun ìní rẹ̀. Ní orí tí ó tẹ̀lé e ni a ti kà pé Áhábù kan náà yìí kọ́ ilé ehín erin.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ti ń rí ehín erin. Kì í ṣe ohun tí a lè rẹ́ bí irun àgùntàn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó wọ inú egungun orí lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ yóò pa ẹranko náà, yóò sì fi àáké la ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni abo erin ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí.

Ní ilẹ̀ Tànsáníà, nígbà tí a ṣírò iye erin ní ọdún 2009, a rí 109,051. Ní ọdún 2014 a tún ṣírò rẹ̀, ó ku 43,330. Ọdún márùn-ún péré! Púpọ̀ nínú àwọn tí ó yìnbọn jẹ́ tálákà ará abúlé, tí owó díẹ̀ sì tẹ̀ lọ́wọ́. Èmi kò wí pé kí a dá wọn láre, nítorí olè ni olè. Ṣùgbọ́n àwọn ni ó rọrùn láti mú.

Ní ọdún 2015 ni a mú oníṣòwò obìnrin kan, ará Ṣáínà, Yang Fenglan, ẹni tí ó ti dé ilẹ̀ náà láàárín ọdún 1970 sí 1979 gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ fún àwọn tí ń la ojú irin, tí ó sì wá di onílé-oúnjẹ ní Dar es Salaam, ẹni iyì láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, òun àti àwọn ọkùnrin ará Tànsáníà méjì, nítorí òwò ehín erin tí ó tó bí tọ́ọ̀nù méjì, láàárín ọdún 2000 sí 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni a dá fún olúkúlùkù wọn. Kì í ṣe ìbọn yíyìn ni ẹ̀sùn rẹ̀, òwò ni.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò ṣàìní ewu. Wayne Lotter, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ran àwọn aláṣẹ Tànsáníà lọ́wọ́ láti tọpa àwọn olówó ehín erin, ni a yìnbọn pa ní Dar es Salaam ní oṣù kẹjọ ọdún 2017.

Ìwé Ìfihàn, ní orí 18, ka ẹrù àwọn oníṣòwò Bábílónì. Ohun èlò ehín erin wà nínú rẹ̀. Ní ìparí, ó dárúkọ ọkàn ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni, kí ó ka ìtàn Sánsíbà, níbi tí a ti ń ta ehín erin, tí a sì ń ta ẹrú. A ti ọjà ẹrú náà ní ọdún 1873, ìjọ Áńgílíkà tiwa sì kọ́ kàtídírà sí ojú ibẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn baba wa wí pé àjànàkú kọjá ‘mo rí nǹkan fìrí’. Àwọn díẹ̀ tí ó kù nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti rí wọn fìrí ti di ọ̀wọ́n. Èkó sì ti di èbúté tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbà kó ehín erin ilẹ̀ Áfríkà mìíràn lọ sí Éṣíà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba lọ tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ tí a ti gbà lọ́wọ́ wọn kúnná ní Àbújá. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a rí ẹrù. Olówó ẹrù ńkọ́?

Ehín erin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọkọ̀ ojú omi. Awakọ̀ kan gbé e. Akọ̀wé kan kọ ọ́ sínú ìwé pé igi gẹdú ni. Ẹnìkan tí òntẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù ú. Ó lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ wa ni ó ti kọ́ ìwé kíkọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Nábótì, ẹ má ṣe yára kọjá lórí àwọn àgbà Jésíréélì. A kò kà á níbikíbi pé wọ́n kórìíra rẹ̀; ará ìlú kan náà ni wọ́n. Ìwé dé pẹ̀lú èdìdì ọba, wọ́n kà á, wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ padà pé iṣẹ́ náà ti parí.