Dídá Èrè Èrú Padà

Ọ̀rọ̀ wa ní oṣù yìí jẹ́ ti Sákéù agbowó-òde, ẹni tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 19. Kí ó tó gbọ́ pé ìgbàlà ti wọ ilé òun, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti san ohun tí ó bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn tí ó rẹ́ jẹ ni ó sì pinnu láti san án fún.

Ìyàtọ̀ wà láàrin ìjìyà àti dídá-padà. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ti jìyà. Ṣùgbọ́n bí èrè èrú bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí a rẹ́ jẹ kò tí ì rí nǹkan gbà. Àwọn ilé ẹjọ́ ayé pàápàá mọ èyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà Oceanic Bank nígbà kan rí, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tí ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta; a sì pa á láṣẹ fún un pé kí ó fi ilé àti ìpín-òwò tí iye wọn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 191 náírà sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ Charles Liu, ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láti fi kọ́ ilé ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ là á yé ní ọdún 2020 pé ohun tí a óò gbà padà kò gbọdọ̀ ju èrè tí arúfin jẹ lọ, àti pé nítorí àwọn tí a rẹ́ jẹ ni a óò ṣe gbà á. Èyí ni pé kí ohun olóhun padà sọ́dọ̀ olóhun.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè dé gbogbo ìyẹ̀wù. Ní ọdún 2016, MMM tàn ká Nàìjíríà pẹ̀lú ìlérí èrè 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Kò sí oko, kò sí ọjà tí èrè náà ti wá: owó ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni a fi ń san ti ẹni tí ó ṣáájú. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ èrè tirẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó tì, owó aládùúgbò rẹ̀ ni ó jẹ. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tàbí àgbà ìjọ tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn mú àwọn ẹlòmíràn wọlé, ẹrù rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá mú nínú irú owó bẹ́ẹ̀ wá fún ìdúpẹ́, kí ni ìjọ yóò ṣe? Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ìwé Númérì, orí 5, fi ọ̀nà hàn wá: kí a jẹ́wọ́, kí a dá owó náà padà pé pérépéré, kí a sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e, fún olówó, bí olówó kò bá sí, fún ìbátan rẹ̀, bí kò bá sí ìbátan, nígbà náà ni yóò tó kan àlùfáà. Ẹ kíyèsí i pé àlùfáà ni ó gbẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Kí Olúwa tí ó wọ ilé Sákéù wọ ilé tiwa pẹ̀lú. Àmín.