Ohun Tí Ojú Àgbò Rí Kí Ọ̀bẹ Tó Dé

Ẹni tó bá fẹ́ ra àgbò Iléyá ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, àwọn àfáà ti kọ́ ọ ní ohun tó gbọ́dọ̀ wò: kí ẹran má fọ́jú, kó má yarọ, kó má ṣàìsàn, kó má sì rù kan egungun. Èyí dára, ṣùgbọ́n ojú ọjà ló parí sí. Ṣé ìyà tí ẹran jẹ láàárín ọjà àti ọ̀bẹ wà lára ìjọsìn náà, àbí ọ̀tọ̀ ni? Èrò tèmi ni pé ó wà lára rẹ̀, ẹran náà fúnra rẹ̀ á sì jẹ́rìí.

Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú àwọn àgbò ńlá tí ojú ń wọ̀ wá, Yankasa, Balami àti Uda. Wọ́n á há mọ́ inú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí a bá rà wọ́n tán, a ó di ẹsẹ̀ wọn, a ó jù wọ́n sí búùtù mọ́tò. Wọ́n délé tán, àwọn ọmọ á tún fà wọ́n lọ jà, ìwo á máa kọlu ìwo, àgbà á sì máa pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà kan wà tí ẹran ara àgbò ń tọ́jú pamọ́. Bó bá pé nígbà tí a pa á, á di ásíìdì, pH ẹran á sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 7 sí 5.5, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pupa dáadáa, kó má sì tètè bàjẹ́. Àgbò tó ti jà, tó ti bẹ̀rù, tí ebi ti pa, ti ná ṣúgà yẹn tán. Ẹran rẹ̀ á dúdú, á le, á sì tètè bàjẹ́. Oorun òru kan kò tó láti dá ṣúgà náà padà. Ibi tí wọ́n ti lu ẹran tàbí tó ti fara gbá, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, a kò sì ní rí i títí a ó fi bó awọ. Àgbò kúkúrú ilẹ̀ wa, tó fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà, ìrìn díẹ̀ ló máa rìn láti ilé ẹni tó sìn ín. Àmọ́ a ń pẹ̀gàn rẹ̀, torí kò ṣe é fi yangàn ládùúgbò.

Wọ́n á ní kí ló kan Ọlọ́run nínú ẹran dúdú, ṣebí Kùránì, orí 22, ti là á yé wa pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, kì í ṣe ẹran. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkàn ni Ó ń wò, ọkàn ẹni tó ń di okùn náà wà níbẹ̀. Ànábì pàṣẹ pé kí á pọ́n ọ̀bẹ, kí á sì fún ẹran ní ìrọ̀rùn. Ta ló wá sọ pé ẹnu ọ̀bẹ ni ìrọ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀? Ẹlòmíràn á bi mí bóyá torí ọbẹ̀ dídùn ni mo ṣe ń ṣàánú. Rárá o. Bí ẹran àgbò tí a fìyà jẹ bá tilẹ̀ dùn ju oyin lọ, ìyà náà ṣì burú. Ẹlẹ́rìí ni ẹran jẹ́, òun kọ́ ni ìdí. Síbẹ̀ ẹlẹ́rìí yìí ń rìn dé ilé onílé: a ń pín in fún aláìní àti aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní fíríìjì tí wọn ó fi í sí.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lówó láti tètè ra ẹran kó lè sinmi. Ṣùgbọ́n omi àti ibòòji kò wọ́n, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti dá àwọn ọmọ tó ń fà á lọ jà dúró.